Lessor àti Lessee, Indigene àti Indigent: Àwọn Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tó Múlé Gbera Tó Ń Dá Wàhálà Sílẹ̀ Fún Wa Lẹ́yìn Odi

 

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìròyìn ìpàdé la mú wá, kì í sì í ṣe ti iye tí wọ́n ń ta edé. Ọ̀rọ̀ bébà ni. Níbi tí à ń tà sí nínú ọjà Creek Road nílùú Port Harcourt níbí, agbára káká ni ọ̀sẹ̀ kan fi máa kọjá kí ẹnì kan má mú ìwé wá bá wa pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan tí wọ́n kọ síbí." Nígbà mìíràn ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù ni, nígbà mìíràn ìwé owó tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ránṣẹ́, nígbà mìíràn fọ́ọ̀mù iléèwé ọmọ. Sẹ́kọ́ńdìrì la kà, a kì í ṣe lọ́yà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé tí a ti bá àwọn èèyàn wa wò, ohun kan wà tí a kíyè sí: kì í ṣe àwọn ọ̀rọ̀ gígùn gbọọrọ tó ń lọ́ni láhọ́n ló ń kó wa sí wàhálà. Ọ̀rọ̀ gígùn, èèyàn á bẹ̀rù ẹ̀, á béèrè. Àwọn kéékèèké tó jọra ni kí ẹ ṣọ́ra fún, àwọn tó jẹ́ pé nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ojú ewé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ojú á rí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹnu á ti parí ẹ̀ bí ó ṣe wù ú. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí ìwé atúmọ̀ èdè ṣe ń pín ilé fún ọ̀rọ̀. Lẹ́tà òyìnbó jẹ́ 26, tiwa jẹ́ 25. Ọ̀rọ̀ tó bá fi A bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni títí dé Z. Tí méjì bá fi lẹ́tà kan náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wo lẹ́tà kejì. Tí ìyẹn náà bá dọ́gba, wọ́n á lọ sí ìkẹta. Ìdí nìyẹn tí "lessee" fi ṣáájú "lessor": L, E, S, S ni àwọn méjèèjì jọ ní, O ló wá dé lẹ́yìn E. Ó dà bíi pé gbogbo ayé ti mọ èyí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àbí? Rárá o. Nígbà tí Robert Cawdrey tẹ ìwé atúmọ̀ èdè òyìnbó tirẹ̀ jáde lọ́dún 1604, tó ní nǹkan bíi 2,500 ọ̀rọ̀ nínú, ó ní láti jókòó ṣàlàyé fún àwọn òyìnbó fúnra wọn bí wọ́n ṣe máa fi ètò lẹ́tà wá ọ̀rọ̀.

Tiwa náà kò kẹ́rẹ́. Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde lọ́dún 1843. Bàbá yìí kan náà, ọmọ Ọ̀ṣogùn, ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864, tí iṣẹ́ ìjọ rẹ̀ sì dé Bonny. Dandeson ọmọ rẹ̀ ṣe àgbà òjíṣẹ́ níbẹ̀. Bonny yìí náà ni ọkọ̀ ojú omi ń kó èrò lọ láti etí omi tó wà lọ́dọ̀ wa ní Creek Road. Torí náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ni Yorùbá ń wá létí odò yìí, ẹ ti ní èsì lẹ́nu.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó múlé gbe ara wọn nínú ìwé atúmọ̀ èdè, oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ìyá: ibì kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀, ìtumọ̀ wọn sì fara kọ́ra. Àwọn kan kò bára wọn tan rárá. Wọ́n kàn jọ háyà yàrá nínú ilé kan náà ni, bí àwọn ayálégbé inú face-me-I-face-you. Ìnira ibẹ̀ ni pé téèyàn bá wò wọ́n láti ìta, kò lè mọ èyí tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí àti èyí tó jẹ́ ayálégbé lásán.

Orúkọ ọjà wa fúnra rẹ̀ ló máa jẹ́ àpẹẹrẹ àkọ́kọ́. "Creek" ni odò tó ya láti ojú òkun wọ àárín ilẹ̀, irú èyí tó yí Port Harcourt ká báyìí. Ẹ wò ó nínú ìwé, kí ẹ wo àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀: "credible", "credit", "creditor", "credulous", "creed". Márùn-ún yìí, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ Látìn kan tó túmọ̀ sí kéèyàn gbàgbọ́ ló bí wọn. "Credible" ni ohun tó ṣeé gbà gbọ́. "Creed" ni ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí àwọn ọmọ ìjọ ń kà lọ́jọ́ Ìsinmi. "Credulous" ni ẹni tó máa ń tètè gbàgbọ́ jù, ẹni tí oníjìbìtì ń wá kiri. "Credit" wá ni ìgbàgbọ́ tí a fi owó ṣe: mo gbà gbọ́ pé wàá san án, torí náà gbé ọjà lọ. Àwìn nìyẹn. "Creditor" ni ẹni tó tàwìn, ẹni tí a jẹ lówó. "Creek" ní tirẹ̀ kò bá wọn tan. Ó kàn gba yàrá tó tẹ̀ lé tiwọn ni.

Ṣùgbọ́n "credit" yìí ní ojú méjì, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣe àwọn ọlọ́jà wa lọ́ṣẹ́. Tí oníbàárà bá ní òun fẹ́ gbà á "on credit", owó kò tíì wọlé. Tí báǹkì bá ní "credit" ti wọ àkáǹtì yín, owó ti wọlé. Ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀kan jẹ́ owó lọ́wọ́, èkejì jẹ́ owó lẹ́nu. Ní ìdàkejì ìwé, lábẹ́ D, ẹ máa rí "debit", "debt", "debtor". "Debt" ni gbèsè, "debtor" ni ajẹgbèsè, ṣùgbọ́n "debit" kì í ṣe gbèsè. Owó tó jáde nínú àkáǹtì ni. Nígbà tí oníbàárà bá gbé fóònù rẹ̀ sójú yín pé, "Wọ́n ti debit mi, màmá, ẹ wò ó," òótọ́ lè ni o. Ohun tó ń sọ ni pé owó ti kúrò lọ́dọ̀ òun. Kò sọ pé ó ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ó lè wà lọ́nà, ó lè padà sẹ́yìn. "Credit" tó bá wọ fóònù tiyín, tàbí tí ẹ rí nígbà tí ẹ yẹ àkáǹtì yín wò, ni kí ẹ fi gbé ẹja fún un. Ìyá kan nílà tiwa ti pàdánù odidi àpò edé kan sórí ìyàtọ̀ "debit" àti "credit" yìí, ọmọkùnrin tó gbé e lọ sì fi sùúrù fi fóònù hàn án dáadáa kó tó lọ. Kò purọ́ kankan fún un. Owó náà jáde lóòótọ́, ó sì padà sí àkáǹtì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

"Owe" àti "own" náà ń bẹ lábẹ́ O. Lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n, ẹyẹ òwìwí, ìyẹn "owl", sì jókòó sí àárín wọn. "I owe him" ni mo jẹ ẹ́ lówó. "I own him" ni èmi ni mo ni ín, bí ẹni ra ẹrú. A ti rí i nínú ìwé gbèsè: "I own Alhaja 40,000." Ẹni tó bá kà á kò ní mọ ẹni tó jẹ ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ "yá" tiwa ló tún fi kún un. Ní Yorùbá, mo yá a lówó, mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. "Yá" kan náà ló lọ tó bọ̀, ìyókù gbólóhùn ló ń fi ibi tí owó dojú kọ hàn. Òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fúnni ló ń "lend", ẹni tó gbà ló ń "borrow". Ìdí tí ẹnu wa fi máa ń sọ pé "borrow me money" nìyẹn. Lẹ́nu, kò pa ẹnikẹ́ni lára, gbogbo Port Harcourt ló ń sọ ọ́. Nínú ìwé tí ẹ máa buwọ́ lù, ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ wá jẹ́ ká dé abẹ́ L, torí ibẹ̀ gan-an ni ilé, ilẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù wa wà. Ẹ tò wọ́n báyìí: "landlord", "lease", "lessee", "lessor", "let", "levy", "liable", "licence", "lien", "lieu". Ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ mẹ́wàá yìí dáadáa, ó ti mọ ohun tó wà nínú ìdajì ìwé tí wọ́n ń gbé fún àlejò.

"Lease" ni àdéhùn pé ẹni tó ni ilé tàbí ilẹ̀ gbà kí ẹlòmíràn lò ó fún iye àkókò kan, kí onítọ̀hún sì máa sanwó. Nínú àkókò yẹn, ìkáwọ́ ẹni tó gbà á ló wà. Onílé fúnra rẹ̀ kò kàn lè já wọlé nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó fi ilé sílẹ̀ ni "lessor", ẹni tó gbà á ni "lessee". Ọ̀nà tí a fi ń rántí ẹ̀ ni ìrù ọ̀rọ̀: -or ni ẹni tó ṣe é, -ee ni ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni "employer" àti "employee", ọ̀gá àti ẹni tó gbà síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbi "mortgagor" àti "mortgagee". Èèyàn á rò pé báǹkì tó yáni lówó ni "mortgagor", nítorí òun ló ṣe oore. Rárá o. Ìwé ilé ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀, kì í ṣe owó. Ẹni tó fi ilé rẹ̀ dúró ni "mortgagor", báǹkì tó gba ìwé ilé mọ́wọ́ ni "mortgagee". Tí ẹ bá wá rí i lára ògiri tàbí nínú ìwé ìròyìn pé "mortgagee" fẹ́ ta ilé kan, báǹkì ló fẹ́ tà á, kì í ṣe onílé.

Kí ló wá kàn wá nínú "lessor" àti "lessee"? Ó kàn wá nítorí pé nínú ìwé àdéhùn, orúkọ yín á jáde lẹ́ẹ̀kan péré lókè. Lẹ́yìn ìyẹn, láti ìlà kejì títí dé ìparí, "the lessee shall" yìí, "the lessor may" tọ̀hún ni wọ́n á máa sọ. "The lessee shall repair the roof": ìwọ ayálégbé ni o máa tún òrùlé ṣe. "The lessor shall repair the roof": onílé ni. Lẹ́tà méjì péré, E-E tàbí O-R, owó páànù sì ti kúrò lápò ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Àwa tí à ń gbé etí omi mọ bí iyọ̀ òkun ṣe ń jẹ páànù. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ yẹn.

"Let" ni kéèyàn fi ilé háyà. Òun ni wọ́n ń kọ sára ògiri, "TO LET", tí àwọn ọmọ àdúgbò á fi bíírò ki lẹ́tà I sáàárín rẹ̀, tó fi máa di ilé ìyàgbẹ́.

"Licence" wá ni èyí tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Lẹ́sìǹsì ni gbogbo wa ń pè é, a sì rò pé ti dírẹ́bà nìkan ni. "Licence" jẹ́ àyè tí wọ́n fún ẹnì kan láti ṣe ohun tí kì bá tí lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe. Àyè lásán ni. Nígbà tó bá wá jẹ́ ti ilẹ̀ tàbí ìsọ̀, ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín "lease" àti "licence" lójú òfin. Ẹni tó ní "lease" ní ẹ̀tọ́ kan lórí ilẹ̀ náà títí àkókò rẹ̀ á fi pé. Ẹni tó ní "licence" kò ní nǹkan kan lórí ilẹ̀. Wọ́n kàn gbà á láyè láti dúró síbẹ̀ ni. Ẹni tó gbà á láyè lè gba àyè náà padà, bí ìwé yẹn bá ṣe là á sílẹ̀. Èèyàn lè ti kọ́ ìsọ̀, kó ti ṣe ilẹ̀kùn onírin, kó ti fa iná sí i, kó sì máa rò pé ìní ni. Ẹ lọ yọ ìwé ìsọ̀ yín jáde lálẹ́ òní, kí ẹ wo èyí tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ "licence", ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé àwọn kóòtù kì í wo orúkọ ìwé nìkan. Wọ́n máa ń wo ohun tí àdéhùn náà fúnni gan-an. Ìyẹn di iṣẹ́ lọ́yà.

"Levy" ni owó tí aláṣẹ bù lé èèyàn. Ó yàtọ̀ sí "licence" nítorí owó "licence" ni owó àyè. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, ka ìdásílẹ̀ àti àbójútó ọjà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì tún ka fífún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi, bárò àti ọmọlánke ní lẹ́sìǹsì mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa bárò ẹja láti etí omi wọjà, ẹ rí i pé orúkọ iṣẹ́ yín wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa! Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1998 lórí owó orí àti "levy" tún pín owó gbígbà láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìbílẹ̀ nínú rẹ̀, òfin náà sì sọ pé wọn kò gbọdọ̀ dínà láti fi gbowó. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé wá, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀. "Levy" ni àbí "licence"? Ta ló fọwọ́ sí i? Rìsíìtì ńkọ́? Ohùn pẹ̀lẹ́ ni kí ẹ fi béèrè, ìlú onílùú la wà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

Ìkejì sí ìparí lábẹ́ L wa ni "lien". Báǹkì máa ń fi ránṣẹ́ pé "a lien has been placed" sórí àkáǹtì yín. Ẹ lè máa wo owó náà lójú fóònù, bó ṣe pé wà níbẹ̀, ẹ kò sì ní lè fọwọ́ kàn án. Ìdè ni "lien". Ọ̀rọ̀ ìdè náà ló ti ṣẹ̀. Wọ́n ti so owó mọ́lẹ̀ nítorí gbèsè tàbí àṣẹ kan. Kì í ṣe pé wọ́n ti jí i, kì í sì í ṣe pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Ẹ lọ bi báǹkì pé ta ló ní kí wọ́n so ó, nítorí kí ni. Láti ọdún 2020, báǹkì àpapọ̀ ti fún àwọn báǹkì láyè láti gba gbèsè tí ẹnì kan jẹ ní báǹkì kan láti inú àkáǹtì rẹ̀ ní báǹkì mìíràn. Ẹni tó yá owó lọ́tùn-ún tó wá lọ ṣí àkáǹtì tuntun lósì, ọwọ́ á bà á.

Aládùúgbò "lien" tímọ́tímọ́ ni "lieu", N àti U ló yà wọ́n. Kò bá a tan. Ààyè, tàbí dípò, ni "lieu". Tí onílé bá kọ ọ́ pé "in lieu of notice", ohun tó ń sọ ni pé dípò kí n fún ẹ ní àkókò, nǹkan mìíràn ni màá fún ẹ, owó sábà ni. Ẹni tó bá kà á bíi "lien" á rò pé wọ́n ti so ẹrù òun. Lẹ́yìn "lieu" ni "lieutenant" wà, orúkọ ipò sójà yẹn. Ẹni tó di ipò mú fún ọ̀gá ni. "Tenant" tó wà nídìí rẹ̀ náà ni "tenant" tí onílé ń pè wá: adìímú. Ẹni tó dì í mú ni, kì í ṣe ẹni tó ni ín. Ó dùn mọ́ wa nínú nígbà tí a rí i pé orúkọ kan náà ni àwa àti ọ̀gá sójà ń jẹ́.

Èyí tó ká wa lára jù ló kù yìí, abẹ́ I ló sì wà. Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe tò: "indigence", "indigene", "indigenous", "indigent", "indigestion". Tí ẹ bá sún síwájú díẹ̀, ẹ máa kan "indigo", ẹ̀lú tí àwọn ìyá wa fi ń pa aṣọ láró l'Abẹ́òkúta. India ni "indigo" ti gba orúkọ tirẹ̀.

"Indigene" ni ọmọ ìbílẹ̀, ọmọ onílẹ̀. "Indigenous" ni ohun tó jẹ́ ti ìbílẹ̀. "Indigent" ni tálákà, ẹni tí kò rí já jẹ, "indigence" sì ni ìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Látìn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí wọn: ọ̀kan sọ nípa ìbí, ẹni tí wọ́n bí sínú ilé, ìkejì sọ nípa àìní. Ṣùgbọ́n "indige" tó wà níwájú wọn kò yàtọ̀. Nínú ìlú tí gbogbo fọ́ọ̀mù ti ń béèrè pé ọmọ ibo ni ọ́, ojú wa ti mọ́ "indigene" débi pé "indige" la máa rí, ọkàn wa á ti sá.

Obìnrin kan lọ́jà wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ mẹ́rin ló ń tọ́. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ owó iléèwé fún àkọ́bí rẹ̀. A ti kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù náà gàdàgbà pé "for indigent students". Ìyá yìí wò ó, ó ní, "Ti ọmọ onílẹ̀ ni, kò kàn wá," ló bá fi fọ́ọ̀mù náà di ọjà. Ọmọ náà kò rẹngẹ́, ó mọ̀wé, ó sì jẹ́ tálákà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń wá a gan-an. Nígbà tí bébà náà fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀fọ́ ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá sì ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ yẹn ń bá wọn kó ẹja láti inú ọkọ̀ báyìí.

Ìdàkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ń kọ lẹ́tà wáṣẹ́, ó fẹ́ sọ pé ọmọ Ọ̀ṣun lòun, ó wá kọ "I am an indigent of Osun State". Ó ti sọ fún wọn pé tálákà ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lòun. Wọn kò ní pè é láti ṣàlàyé.

"Indigent" yìí wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa, ó sì ń jà fún wa níbẹ̀. Apá 46 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣètò ìrànlọ́wọ́ owó fún aráàlú tó jẹ́ "indigent" tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú. Àjọ Legal Aid Council, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1976, ń fún irú wọn ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin rẹ̀ ti ọdún 2011 wo ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, èyí tó ti di ₦70,000 láti ọdún 2024. Bóyá ẹ jẹ́ ọmọ onílẹ̀ tàbí ẹ kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ kò sí nínú ohun tí wọ́n ń wò. Tálákà Ìkìrun tó ń gbé Port Harcourt lẹ́tọ̀ọ́ sí i bíi tálákà Port Harcourt. Ẹni tó bá sì kà á bíi "indigene", á jókòó sílé.

"Indigene" ńkọ́? Apá 147 nínú ìwé òfin yẹn lo ọ̀rọ̀ náà: ó ní ààrẹ gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán mínísítà kan, ọmọ ìbílẹ̀, láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Apá 318 kò túmọ̀ "indigene", ṣùgbọ́n ó sọ ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan: kí bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn àgbà, jẹ́ ara àwùjọ tó jẹ́ "indigenous" sí ìpínlẹ̀ náà. Ẹ ka ibẹ̀ dáadáa. Kò sọ pé ibi tí wọ́n bí ọ sí. Ọmọ tí a bí sí Borokiri, tó ń sọ Pidgin ju Yorùbá lọ, tí kò tíì fojú kan Ìsẹ́yìn rí, ọmọ Ọ̀yọ́ ni lójú òfin yìí. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Kalabari tàbí Ikwerre, ti Rivers náà ni, torí "bàbá tàbí ìyá" ni òfin wí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fẹ́yàwó níbí ni kò mọ èyí. Lójú tiwa, kò yẹ kí èèyàn gbé ìlú kan fún ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n ṣì máa pè é lálejò, ṣùgbọ́n bí òfin ṣe rí la ń sọ yìí.

Òfin kan náà kò fi wá sílẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Apá 41 gbà kí aráàlú gbé ibikíbi ní Nàìjíríà, 43 gbà kó ní ilé àti ilẹ̀ níbikíbi, 42 sì kọ̀ kí wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí ibi tó ti wá. Ọ̀rọ̀ tiwa nínú fọ́ọ̀mù ni "resident", abẹ́ R: ẹni tó ń gbé ìlú. "Residence" ni ibi tó ń gbé. Ọ̀pọ̀ ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè "state of residence" ni àwọn èèyàn wa ń kọ Kwara tàbí Ògùn sí, torí ọkàn ti lọ sílé. Nílé fọ́ọ̀mù, ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń wà níbẹ̀. Fún ọmọ tí a bí síbí tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ìsẹ́yìn: "place of birth" ni Port Harcourt, "state of origin" ni Ọ̀yọ́, "state of residence" ni Rivers. Tí ẹ bá kọ Ọ̀yọ́ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ti yọ ọmọ yín kúrò nínú ohun tí wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ń gbé Rivers wá gbà.

Ọ̀kan tó kù kí a tó lọ kó ọjà wọlé: abẹ́ G, "guarantee" àti "guarantor". "Guarantee" ni ìlérí náà, "guarantor" ni ẹni tó ṣe é. Ìlànà -or àti -ee tí a sọ lókè kò bá wọn mu tán, ẹ má fi wọ́n sí i. Ọmọ ìlú yín á ní kí ẹ wá bá òun fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó, á ní ẹlẹ́rìí lásán ni. Ẹlẹ́rìí ni "witness". Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé ó rí i tí wọ́n fọwọ́ sí i. "Guarantor" á san owó náà bí ẹni tó yá a kò bá san án, àti èlé orí rẹ̀ bí ìwé bá sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó mú bíírò, ẹ fi ìka tọ ìlà tí wọ́n ní kí orúkọ yín wà, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ìlà náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ G ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ bi í ní iye owó náà àti oṣù tó máa san án tán.